Ìrì ló ń sẹ̀ sínú àṣíborí rẹ

Ìbéèrè tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí mi rèé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni mo máa ń gbéra lórí alùpùpù mi lọ síbi iṣẹ́, ìgò ojú ni mo sì fi ń ríran. Kí n tó dé ìkóríta kejì, gíláàsì àṣíborí mi á ti ṣú, ìgò ojú mi náà á ti ṣú, àfi bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ funfun bò mí lójú. Mo ra oògùn kan tí wọ́n ní kí n máa fọ́n sí i. Ọjọ́ méjì péré ló fi ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà ó tún wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi ọṣẹ ìfọyín pa á. Ṣé kí n gbọ́ tirẹ̀ ni, àbí kí n kúkú ra àṣíborí tuntun?"

Àbúrò, o kú ewu ọ̀nà. Má tíì ra nǹkan kan. Jọ̀ọ́, má sì jẹ́ kí ọṣẹ ìfọyín kan gíláàsì yẹn. Mo máa dé orí ìyẹn. Èmi náà ń lo ìgò ojú, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa kọ́ àwọn èèyàn ní gígun alùpùpù. Nínú gbogbo àwọn tó ti bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, ekukáká ni mo fi rí ẹni tí kò kọ́kọ́ sáré lọ ra oògùn fífọ́n. Oògùn náà láyè tirẹ̀, àmọ́ òun ló yẹ kó kẹ́yìn. Ohun tó yẹ kó ṣáájú ni pé kó o mọ ibi tí èémí rẹ ń gbà nínú àṣíborí.

Ohun tó ń ṣú gíláàsì rẹ kì í ṣe èéfín, kì í sì í ṣe ìdọ̀tí. Ìrì ni. Ìrì tó ń sẹ̀ sórí koríko láàárọ̀ kùtù, tó sì ń sẹ̀ sára ike omi tútù tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú fíríìjì, òun náà ló ń sẹ̀ sínú àṣíborí rẹ. Afẹ́fẹ́ tó gbóná lè gbé omi púpọ̀ mọ́ra. Bó bá kan ohun tó tutù, apá rẹ̀ ò ní ká ẹrù náà mọ́, á sọ ọ́ kalẹ̀. Èémí tó ń ti imú àti ẹnu wa jáde máa ń gbóná tó nǹkan bíi 34°C, omi sì ti kún inú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ lè gbé omi tó tó gíráàmù 37 nínú kúbíìkì mítà kan. Tí afẹ́fẹ́ ìdájí bá ti mú kí gíláàsì rẹ tutù dé 10°C, afẹ́fẹ́ tó bá fara kàn án ò lè gbé ju nǹkan bíi gíráàmù 9 lọ mọ́. Ìyókù ńkọ́? Ara gíláàsì ló ń lẹ̀ mọ́. Tó bá sì ń yà ọ́ lẹ́nu pé ibo ni omi tó tó bẹ́ẹ̀ ti ń wá, mọ̀ pé nǹkan bíi mílílítà 300 sí 400 là ń mí jáde lóòjọ́ láì mọ̀, kódà lọ́jọ́ tá ò ṣe iṣẹ́ agbára kankan.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò. Omi fúnra rẹ̀ kì í dí ojú. Bó o bá da omi sórí gíláàsì tó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, wàá rí òdìkejì rẹ̀ kedere. Ohun tó ń fa wàhálà ni pé omi náà máa ń sọ ara rẹ̀ di ẹ̀kán kéékèèké, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, tí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan á máa tú ìmọ́lẹ̀ ká síbi tó wù ú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi máa ń le jù lóru, nígbà tí iná ọkọ̀ bá kọjú sí ẹ.

Mo rántí àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ winniwinni. Alùpùpù mi kọ̀ láti ṣíná, mo sì ti ń tì í fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó gbà. Mo gun un, mo pa gíláàsì dé nítorí òjò, mo sì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bí mo ṣe dé ibi tí ọ̀nà ti yí, ọkọ̀ kan tan iná gbalaja kò mí. Ojú ẹsẹ̀ ni gbogbo iwájú mi di funfun báláú. Mi ò rí ìlà ojú títì, mi ò sì rí ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ lásán ni mò ń rí. Ẹni tó bá ń sá 50 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ nǹkan bíi mítà 14 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí àtàǹpàkò mi tó rí etí gíláàsì náà tì sókè, ó kéré tán ìṣẹ́jú-àáyá méjì ti lọ. Bí afọ́jú ni mo ṣe lọ mítà 28. Nígbà tí mo máa ríran, táyà iwájú mi ti wà lórí ìlà àárín.

Nítorí náà, kí n tó sọ̀rọ̀ ìtọ́jú kankan, ti pàjáwìrì ló ṣáájú. Tó bá ṣú lójijì lórí eré, ọwọ́ òsì ni kó o fi ṣí i, torí ọwọ́ ọ̀tún ló di ibi tá a ti ń fún alùpùpù níná mú. Dẹwọ́ iná díẹ̀díẹ̀, má tẹ bíréèkì gì, má sì ki ìka bọ inú láti nu ún. Ṣí i gbayawu, kí òjò wọlé bó bá fẹ́ wọlé, kó o wá ya sẹ́bàá ọ̀nà. Máa fi ìka òsì náà dánra wò nígbà tó o bá dúró sójú kan, títí ọwọ́ rẹ á fi mọ etí gíláàsì láìwá a kiri.

Ó yá, ká wá wo tìrẹ. Lálẹ́ òní, jókòó sórí àga, dé àṣíborí, fi ìgò ojú rẹ síbi tó máa ń wà, pa gbogbo ihò dé, kó o máa mí bó o ṣe ń mí lójoojúmọ́. Lọ ṣe é níta tàbí níbi tó bá tutù díẹ̀. Fojú sí ibi tó ti kọ́kọ́ ṣú. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ gíláàsì ní àárín gbùngbùn ló ti bẹ̀rẹ̀, tó wá ń gun òkè bíi pé ẹnì kan ń fa aṣọ sókè, èémí ẹnu àti imú rẹ ló ń kọlu iwájú àṣíborí tó sì ń fò sókè. Bó bá jẹ́ ìgò ojú ló kọ́kọ́ ṣú, láti ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, àyè wà láàárín imú rẹ àti ohun tó yẹ kó bò ó. Bí gbogbo ojú gíláàsì bá ṣú lẹ́ẹ̀kan náà, wo inú àṣíborí fúnra rẹ̀: ó ṣeé ṣe kí fóòmù inú rẹ̀ ṣì tutù láti àná.

Fi ìka fa ìlà sí ìta gíláàsì náà. Bí ìlà ọ̀hún bá mọ́ kedere, ìta ni ìrì sẹ̀ sí, kì í ṣe èémí rẹ rárá. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá ti inú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́ jáde bọ́ sínú ooru. Ìgò ojú tó ti tutù nínú yàrá ló ń gba omi inú afẹ́fẹ́ ìta mọ́ra. Kò lóògùn ju sùúrù ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta lọ, kó fi gbóná.

Ní tìrẹ, tí méjèèjì jọ ń ṣú ní ìdájí, ó dá mi lójú pé èémí ni. Wo inú àṣíborí rẹ níbi tí imú máa ń wà. Ọ̀pọ̀ àṣíborí tó bo gbogbo ojú ló ní rọ́bà pẹlẹbẹ kan níbẹ̀ tó yẹ kó jókòó sórí imú, kó sì máa darí èémí sísàlẹ̀. Nínú àìmọye àṣíborí tí wọ́n ti gbé wá fún mi wò, rọ́bà yìí ti jábọ́ sọnù, tàbí kó ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹni tó ni ín ò sì mọ̀ pé irú rẹ̀ wà níbẹ̀ rí. Dá a padà sáyè rẹ̀. Bó bá ti sọnù, o lè rí òmíràn rà láìra odindi àṣíborí. Fi ìka tẹ̀ ẹ́ kó bá ìrísí imú rẹ mu. Kò gbọ̀dọ̀ fún ihò imú pa, àmọ́ kò gbọ̀dọ̀ sí àyè tí afẹ́fẹ́ á gbà yọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun imú.

Tó o bá ti darí èémí sísàlẹ̀, ó gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde níbẹ̀. Ibí yìí làwọn tó ń gun alùpùpù nígbà òtútù ti ń ṣe ara wọn. Wọ́n á so aṣọ abẹ́ àgbọ̀n mọ́ àṣíborí, wọ́n á tún fi aṣọ ọrùn dí ìyókù pinpin, kí òtútù má bàa wọlé. Èémí á lọ sísàlẹ̀, á bá ilẹ̀kùn ní títì, á sì padà sókè síbi tó ti ń bọ̀. Bí òtútù ò bá pọ̀ jù, yọ aṣọ abẹ́ àgbọ̀n yẹn. Bó bá pọ̀, tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ ọrùn díẹ̀ kó lè mí. Aṣọ tó bo imú náà ń ṣèpalára fún ẹni tó ń lo ìgò ojú, torí ńṣe ló ń tari gbogbo èémí gba òkè imú jáde. Fà á wálẹ̀ sábẹ́ imú, tàbí kó o lo irú èyí tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú etí rẹ̀ lókè, tó ṣeé tẹ̀ mọ́ egungun imú.

Ihò afẹ́fẹ́ tó wà níwájú àgbọ̀n ńkọ́? Ṣí i. Nínú ọ̀pọ̀ àṣíborí, afẹ́fẹ́ tó ń gba ibẹ̀ wọlé máa ń gun inú gíláàsì lọ sókè, òun ló sì ń lé afẹ́fẹ́ tó kún fún omi kúrò kí ìrì tó sẹ̀. Ṣí ti orí náà, kí èyí tó wọlé lè ríbi jáde. Àmọ́ kó o tó gbára lé e, fi ẹnu fẹ́ ẹ láti ìta kó o sì gbé àtẹ́lẹwọ́ sínú. Mo ti bá òkú kòkòrò pàdé nínú ihò wọ̀nyí lọ́pọ̀ ìgbà, eruku sì ti dí àwọn mìíràn pátápátá. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ àti omi díẹ̀ tó fún un.

Bó o ṣe ń mí náà ṣe pàtàkì. Imú ni kó o máa fi mí tó o bá lè ṣe é, torí ilẹ̀ ni Ọlọ́run kọ ojú ihò imú sí. Ẹnu ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ síwájú. Tó bá di pé ẹnu lo máa fi mí, fi ètè òkè bo ti ìsàlẹ̀ díẹ̀ kó o wá fẹ́ ẹ jáde, bí ẹni tó fẹ́ fẹ́ eruku kúrò láyà ẹ̀wù ara rẹ̀. Ó máa ń pa àwọn tí mò ń kọ́ lẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ ṣe é, àmọ́ kò lówó nínú, ojú ẹsẹ̀ ló sì ń ṣiṣẹ́. Bó o bá sì jẹ́ ẹni tó máa ń kọrin lórí alùpùpù bíi tèmi, ìwọ náà á ti rí i pé ẹsẹ orin kejì ni gíláàsì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú.

Ọ̀rọ̀ ìkóríta kejì tó o sọ yẹn dùn mọ́ mi, torí òun gan-an ló tú àṣírí. Nígbà tí alùpùpù ń lọ, afẹ́fẹ́ ń gba inú àṣíborí kọjá. Tó bá dúró, afẹ́fẹ́ náà dúró, ṣùgbọ́n ìwọ ò dúró mímí. Ìdajì ìṣẹ́jú níwájú iná ojú pópó ti tó. Ohun tí mo fẹ́ kó o sọ di bárakú ni pé kó o ti gíláàsì sókè títí á fi dún kẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, *kí* o tó dúró, kì í ṣe lẹ́yìn tó o bá ti dúró. Ìrì tí kò tíì sẹ̀ rọrùn láti lé ju èyí tó ti sẹ̀ lọ. Jẹ́ kó wà ní ṣíṣí bẹ́ẹ̀ títí o fi máa tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, kó o wá pa á dé. Ọ̀pọ̀ àṣíborí ló ní àyè kékeré kan báyìí, tí gíláàsì á là díẹ̀ bíi fífẹ̀ ìka ọwọ́ tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọ̀nà tó o ń gbà kì í ṣe ibi eré, o lè fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ dé ibi iṣẹ́.

Òjò ló ń ba ètò yìí jẹ́. Omi òjò ń mú kí gíláàsì tutù láti ìta, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ sì ti kún fún ọ̀rinrin, tó o bá sì là á díẹ̀, omi á wọlé. Nínú òjò, ohun méjì péré ni mo gbẹ́kẹ̀ lé: ihò afẹ́fẹ́ tó ṣí, àti gíláàsì alábala méjì.

Gíláàsì alábala méjì yìí ni wọ́n ń pè ní Pinlock, òun sì ni nǹkan kan ṣoṣo tí mo lè sọ pé kó o náwó lé lórí bí gbogbo èyí tí mo ti sọ ò bá tó. Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni, tí wọ́n ń há sínú gíláàsì àṣíborí láàárín ìdè kékeré méjì, ọ̀kan lápá òsì, èkejì lápá ọ̀tún. Rọ́bà sílíkónì tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí rẹ̀ ká, á sì sé afẹ́fẹ́ díẹ̀ mọ́ àárín ike méjèèjì. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín yìí ni kò jẹ́ kí òtútù ìta dé inú, gẹ́gẹ́ bí fèrèsé onígíláàsì méjì ṣe ń ṣe níbi tí òtútù ti ń mú gan-an. Ike inú náà sì máa ń fa omi mọ́ra dípò kó jẹ́ kó di ẹ̀kán. Nọ́ńbà 30, 70 àti 120 ni wàá máa rí lára wọn. Bí nọ́ńbà bá ṣe ga sí ni agbára rẹ̀ ṣe pọ̀ sí.

Ohun tí mo rí tó máa ń bà á jẹ́ ni mo máa sọ, torí kò sí lára páálí rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá há a sínú tó sì gbàgbé bó ọ̀rá fẹ́lẹ́ tó bò ó kúrò á máa bú ẹni tó tà á fún un lásán. Rọ́bà etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fara kan gíláàsì yípo. Gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, wàá rí ìlà tó mọ́lẹ̀ níbi tí rọ́bà ti lẹ̀ mọ́ ọn. Níbi tí ìlà náà bá ti já, ibẹ̀ ni ọ̀rinrin á gbà wọ àárín, tí ìwọ ò sì ní rí ọwọ́ fi nu ún. Ìdè méjèèjì máa ń ṣeé yí láti fún un pọ̀ sí i, nítorí náà má sọ pé ó ti bàjẹ́ kó o tó yí wọn wò. Má fọ́n oògùn kankan sí i, má sì nu ún nígbà tó bá tutù, torí ó máa ń rọ̀ nígbà náà, kíákíá ló sì ń gba ìlà. Omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ tí kò le, kó o wá fi sílẹ̀ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ìwà burúkú kan tó ní ni pé lóru, iná ọkọ̀ máa ń di méjì méjì lójú ẹni nítorí ike méjèèjì. Ó máa ń mọ́ni lára, ṣùgbọ́n alẹ́ àkọ́kọ́ kì í dẹrùn.

Ṣùgbọ́n gbọ́ o, àbúrò: Pinlock ò ṣe ìgò ojú lóore kankan. Mo ti rí ẹni tí gíláàsì rẹ̀ mọ́ gaara, tí ìgò ojú rẹ̀ sì funfun bíi òwú nínú rẹ̀. Ibi tí omi ì bá lẹ̀ mọ́ tẹ́lẹ̀ ti kọ̀ ọ́, ó wá lọ lẹ̀ mọ́ ohun kejì tó tutù. Nítorí náà, ti ìgò ojú ní láti dá dúró lọ́tọ̀.

Àkọ́kọ́, má jẹ́ kó tutù. Bó bá sùn sínú àpò alùpùpù tàbí sórí fèrèsé mọ́jú, ó ti di ìkẹ́ ìrì. Fi í sójú tàbí sínú àpò àyà ẹ̀wù rẹ fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún kó o tó dé àṣíborí, kí ooru ara rẹ wọ̀ ọ́. Èkejì, bó o ṣe ń wọ̀ ọ́: àṣíborí ni kó o kọ́kọ́ dé, kó o wá ti apá ìgò ojú wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀bátí, lókè etí. Apá tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì gún régé ló dára jù fún èyí. Èyí tó tẹ̀ kọdọrọ lẹ́yìn etí á máa há. Àwọn àṣíborí kan tiẹ̀ ní kòtò tí wọ́n gbẹ́ sínú fóòmù fún apá ìgò ojú. Èyí tí iwájú rẹ̀ ń ṣí sókè láti àgbọ̀n tún rọrùn jù, torí o lè gbé gbogbo iwájú sókè nígbà tó o bá dúró, láìbọ́ ìgò. Bó bá sì ṣeé ṣe, sún ìgò náà síwájú díẹ̀ lórí imú kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ojú típẹ́típẹ́ ló ń yára ṣú. Àwọn mìíràn yàn láti lo lẹ́ǹsì inú ojú, tí kì í ṣú rárá torí ojú fúnra rẹ̀ ló ń mú un móoru. Oníṣègùn ojú rẹ ni kó sọ bóyá ó yẹ ọ́.

Ó tó àkókò ká sọ ti ọṣẹ àti oògùn. Gbogbo wọn, àti èyí tó o rà àti ọṣẹ olómi tá a fi ń fọ abọ́, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: wọn kì í dá ìrì dúró, ńṣe ni wọ́n ń mú kí omi tẹ́ pẹrẹsẹ dípò kó di ẹ̀kán. Àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ òkun máa ń tutọ́ sínú gíláàsì ojú wọn fún ìdí yìí kan náà. Bó o ṣe máa ṣe é rèé. Fi omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ fọ gíláàsì mọ́ tónítóní, nítorí ọ̀rá ìka ọwọ́ ni ọ̀tá tó burú jù; ibi tí ọ̀rá bá wà ni omi ti ń di ẹ̀kán. Fi ẹ̀kán ọṣẹ kan, ẹyọ kan ṣoṣo, sórí ìka, kó o fi pa inú rẹ̀ yíká. Jẹ́ kó gbẹ. Wá fi aṣọ tó rọ̀ bíi ti ìgò ojú nù ún jẹ́jẹ́ títí á fi mọ́lẹ̀. Ọṣẹ ọmọdé tí kì í ta ojú ló dára jù fún èyí, torí bí ìrì bá pọ̀, ọṣẹ náà lè kán sí ẹ lójú. Ó lè tó ọjọ́ kan sí méjì, kó o tún un ṣe.

Fún ìgò ojú, bákan náà ni, àmọ́ má lo omi gbígbóná, kí ohun tí wọ́n fi bo ojú rẹ̀ má bàa sán. Bó bá jẹ́ pé láti ibi tí wọ́n ti ṣe é ni wọ́n ti fi ohun tí kì í jẹ́ kó ṣú bò ó, má fi nǹkan mìíràn pa á.

O sọ pé tìẹ burú sí i lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Mo fura pé o fọ́n ọn sórí gíláàsì tó dọ̀tí, o sì ń fọ́n tuntun lé ògbólógbòó, títí ó fi di ìpele tó nípọn, tí eruku àti ọ̀rá ọwọ́ lẹ̀ mọ́. Fọ gbogbo rẹ̀ kúrò, kó o bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Àṣìṣe kejì tí mo máa ń rí tún lágbára jù: oògùn tí wọ́n ṣe fún ìta, tó ń mú kí òjò máa yí dà nù bí omi orí ewé kókò, ni àwọn kan ń fi sínú. Ìta la fẹ́ kí omi ti ṣẹ́ jọ kó sì dà nù. Inú la fẹ́ kó ti tẹ́. Ẹni tó bá fi ti ìta sínú ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ilé fún ẹ̀kán omi. Ka ara ike oògùn náà dáadáa.

Ọṣẹ ìfọyín wá. Ohun kíkúnná kan bí iyanrìn ló wà nínú ọṣẹ ìfọyín tó ń ha ìdọ̀tí kúrò lára eyín. Eyín le, gíláàsì àṣíborí ò le tó bẹ́ẹ̀, torí ike ni, polycarbonate lórúkọ rẹ̀, ohun tí wọ́n fi bò ó kó má bàa gba ìlà sì fẹ́lẹ́ gan-an. Á ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí ọṣẹ wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ohun tó sì tan ọ̀rẹ́ rẹ jẹ nìyẹn. Nígbà tó bá fi máa tó oṣù mélòó kan, wàá máa rí iná ọkọ̀ tó hù irun yíká lóru. Ìlà wọ̀nyẹn kì í kúrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni epo bẹntiróòlù, ọtí tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn àti oògùn ìnu-fèrèsé tó ní amóníà: wọ́n lè mú kí ike náà sán láti inú láìjẹ́ pé o rí i. Bí òkú kòkòrò bá gbẹ mọ́ ìta, má họ ọ́. Rẹ aṣọ sínú omi, tẹ́ ẹ lé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á rọ̀ fúnra rẹ̀.

Fóòmù inú àṣíborí sì ń kó òógùn jọ. Má fi àṣíborí tó tutù sínú àpò tàbí kó o pa gíláàsì rẹ̀ dé mọ́jú. Ṣí i, dojú rẹ̀ kọ afẹ́fẹ́, yọ fóòmù tó bá ṣeé yọ kó o fọ̀ ọ́ lóòrèkóòrè. Àṣíborí tó bá sùn ní tútù á jí pẹ̀lú ìrì tirẹ̀ kí ìwọ tó mí sínú rẹ̀.

Ní ti àṣíborí tuntun: wo ẹ̀gbẹ́ inú gíláàsì rẹ, lápá òsì àti ọ̀tún, bóyá wàá rí ìdè kékeré méjì tó yọ sóde. Bó bá wà, àṣíborí rẹ lè gba Pinlock, má ra òmíràn. Bí kò bá sí, béèrè bóyá wọ́n ń ta gíláàsì tó ní ìdè fún irú àṣíborí náà, kó o pààrọ̀ gíláàsì nìkan. Má dá ihò lu tìrẹ láti fi ìdè sí i. Bó bá wá jẹ́ pé kò sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, tí ihò àgbọ̀n rẹ̀ ò sì gba afẹ́fẹ́, nígbà náà ni mo máa sọ pé kó o fojú sí òmíràn. Tó o bá ń wò ó níbi tí wọ́n ti ń tà á, gbé ìgò ojú rẹ dání, dé e pẹ̀lú ìgò lójú, pa gíláàsì dé, kó o sì dúró níbẹ̀ máa mí fún ìṣẹ́jú méjì gbáko. Ẹni tó ń tà á lè máa wò ọ́ bí aṣiwèrè. Jẹ́ kó máa wò.